Alàgbà Oyèníyì Afọláyan, Tí Ìjọ Gbàdúrà Lé Lọ́wọ́ Nítorí Dùùrù

Agbolé Ọ̀dọ̀fin ní ìlú Ọ̀mù-Àrán ni a ti bí bàbá wa, olóògbé Alàgbà Ezekiel Oyèníyì Afọláyan, ní oṣù kẹjọ ọdún 1951. Samuel Afọláyan, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ni bàbá wọn. Dọ́káàsì ni ìyá wọn. Igbe tí wọ́n ké lọ́jọ́ náà dún débi pé awakọ̀ kan tó ń lọ sí Ọ̀fà yà bọ́ sínú igbó, ó rò pé ọkọ̀ ojú irin ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi awakọ̀ náà. Ó ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ní ọdún 1957, iṣẹ́ rélùwéè gbé ìdílé wá sí Ìlọrin. Ibẹ̀ ni Bàbá ti kàwé, ibẹ̀ náà sì ni ìyàwó òyìnbó ajíhìnrere kan ti kọ́ wọn ní dùùrù lẹ́yìn ìsìn. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, rúlà ọwọ́ rẹ̀ ló ń bá a sọ ọ́. "Ohun tó wà nínú ìwé ni kí o tẹ̀!" Gbólóhùn yìí ni Bàbá fi ṣe ẹ̀sìn kejì títí wọ́n fi darúgbó.

Wọ́n di olùkọ́ ìṣirò ní ọdún 1975. Ní 1979, wọ́n gbé Mojísọ́lá, oníṣòwò aṣọ ní Táíwò Road, níyàwó. Ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n ti pàdé. Ohùn Màmá ga nígbà náà débi pé àwọn àdán kó kúrò nínú àjà ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò sì padà wá.

Láti ọdún 1981 ni Bàbá ti ń tẹ dùùrù fún ìjọ kan ní ìlú yìí. A kò ní dárúkọ ìjọ náà; ó ti jókòó sí ìlà iwájú. Òjò kò dá wọn dúró, ibà kò dá wọn dúró. Ọjọ́ tí a bí Olúwatóbi, àárín orin ni ìròyìn ti bá wọn, wọ́n sì tẹ gbogbo ẹsẹ̀ orin náà parí kí wọ́n tó dìde. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní dùùrù. Ọ̀kan nínú wọn ni Jídé, tó di olórí akọrin lónìí.

Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní 2011, Olúwatóbi fi kíbọ́ọ̀dù àti tábúlẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ láti Kánádà. Orí ẹ̀rọ yìí ni Bàbá ti rí i pé àwọn àgbà olórin Jámánì àti Ítálì ayé àtijọ́ kì í dúró de ìwé: wọ́n máa ń jókòó, wọ́n á sì máa dá orin sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ òsì á máa rìn jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀, bí àgbà tó ń lọ kírun Jímọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún á máa sáré yí i ká bí ọmọọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ wọlé. Bàbá, ẹni ọgọ́ta ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí ọmọ jẹ́léósinmi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, orin náà burú. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ òkú: adìẹ àdúgbò kò yé ẹyin mọ́. Àfáà Abdulfattah, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní ilé kejì, máa ń pè láti ojú fèrèsé:

"Bàbá Tóbi! Orin àná dà? Ẹ gbé e dé ìkóríta, ẹ já a jù síbẹ̀!"

"Àfáà, ẹ ṣe sùúrù, ilé ni mo ń wá."

"Ẹ tètè rí i o, Alásárì ti kù dẹ̀dẹ̀!"

Nígbà tó yá, Àfáà ń gbé ẹní rẹ̀ wá sẹ́bàá fèrèsé. "Èyí wọlé o," ló máa wí. "Màṣáálàhù!"

Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá wá ń fẹ́ láyé: kí ìjọ tí wọ́n sìn jókòó gbọ́ ọ, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ọjọ́ Ìkórè ọdún 2018 ni wọ́n dán an wò. Bí èrò ti ń gbé iṣu àti àgbàdo lọ síwájú pẹpẹ, Bàbá tẹ orin ìdúpẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, wọ́n sì pa ìwé dé. Orin kan náà bọ́ sí ọwọ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ohùn méjì ń lé ara wọn, ohùn kẹta já lù wọ́n. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi wo ìjọ! Apá kan dìde, apá kan jókòó. Ìyá àgbà kan gbé ẹsẹ̀ kejì orin náà, èkejì rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ karùn-ún. Jídé na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọ̀kadà fẹ́ gbá.

Lọ́sẹ̀ kejì, alága ìgbìmọ̀ ìjọ kó èèyàn kún bọ́ọ̀sì wá sílé, tòun ti ọsàn Òkè-Òyì àti òróró ìyàsímímọ́.

"Alàgbà, ọjọ́ orí ni," alága wí. "Ẹ ò rántí orin mọ́."

"Mo rántí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Alága yíjú sí Màmá. "Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ?"

Ni wọ́n bá gbàdúrà lé ọwọ́ Bàbá. Òróró ọjọ́ yẹn tó dín àkàrà fún gbogbo ọjà Ìpàta. Ẹ̀rù ba Màmá, wọ́n mú Bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní kí Bàbá ka nọ́ńbà láti ọgọ́rùn-ún padà sẹ́yìn. Olùkọ́ ìṣirò bi í bóyá kí àwọn máa fo méje-méje. Dókítà ní orí pé. Nígbà tí Màmá ròyìn fún alága, alága ní, "Kì í ṣe orí. Ẹ̀mí ni."

Ìgbìmọ̀ ní kí Bàbá fẹ̀yìn tì nídìí dùùrù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fún wọn ní aago ògiri tí àwòrán alága wà nínú rẹ̀. Jídé náà nawọ́ sí i pé kí wọ́n lọ. Òun ló wà nídìí kíbọ́ọ̀dù tuntun báyìí: á tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ á máa lùlù fúnra rẹ̀, òun á máa pàtẹ́wọ́. Bàbá bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kàn tẹ orin náà lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́, nígbà tí èrò bá ń jáde. Ìgbìmọ̀ ní àwọn máa gbàdúrà sí i. Àdúrà náà ń lọ lọ́wọ́ di òní olónìí.

Bàbá wa sùn ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2025. Wọ́n fi aya sílẹ̀, Màmá Mojísọ́lá; àwọn ọmọ, Olúwatóbi àti Àánúolúwapọ̀; ọmọọmọ márùn-ún; àti Àfáà Abdulfattah, tí ẹní rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé.

Lọ́sẹ̀ tí Bàbá kú, oníwàásù kan láti òkè òkun, tó wà níbi Ìkórè ọdún 2018 yẹn, tún bẹ ìjọ wò. Ó bèèrè pé, "Bàbá tó ń dá orin sílẹ̀ dà? Lọ́dọ̀ wa, à ń wá irú wọn tì." Ní ọjọ́ kejì, alága àti Jídé gbé àpò ìrẹsì wá bá wa kẹ́dùn. Ìrẹsì kò tíì balẹ̀ tí wọ́n fi ní, "Ẹ bá wa wá ìwé orin Bàbá, a fẹ́ lò ó fún àjọ̀dún ìjọ." Jídé tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, a ti wá a. Kò sí ìwé. Ẹnikẹ́ni kò gbà á sínú fóònù, torí àdúrà kó tètè parí ni gbogbo yín ń gbà lọ́jọ́ náà. Ibi kan ṣoṣo tí orin náà wà ni ọwọ́ méjì tí a ká sórí àyà wọn nínú pósí yìí. A kò tíì dé e. Ẹni tó bá ń wá ìwé orin, kó wá wò ó.

Bàbá wa, ẹ fọwọ́ rọrí. Bí àwọn áńgẹ́lì bá ní kí ẹ tẹ dùùrù, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n máa jókòó gbọ́ ọ tán.