Ibi Tí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Rẹ Máa Ń Wà Lára Ìbọn

Faustino ọkọ mi, òní ló pé ọdún mẹ́rin tí a sin ọ́ sí òkè Gardone, èmi sì ṣì ń gbé kọfí ẹni méjì kaná láàárọ̀. Mo máa ń mu tèmi. Tìrẹ á tutù, màá dà á nù.

Ọdún mẹ́rin! Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tí o ò kàn tán, a ti kàn án. Ilde ọmọbìnrin rẹ ti gba ìwé àṣẹ ìbọn, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ ẹnu ìbọn, níbi tí ìwọ náà ṣiṣẹ́ títí irun rẹ fi funfun. Ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́, bíi tìrẹ náà ni. Bí polenta, ọkà àgbàdo tí mo rò, bá le díẹ̀, á ní, "Mọ́mì, ṣé ilé lẹ fẹ́ fi eléyìí rẹ́ ni?" Màá rẹ́rìn-ín, màá wá wọ yàrá lọ sunkún.

Ọkùnrin kan wá láti Brescia, ó fẹ́ ra àwọn ìbọn àtijọ́ tí o kó jọ. O máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ dé Liège nítorí ìbọn tó ti dípẹtà, o ó sì gbé e wọlé bí ọmọ tuntun. Mo jẹ́ kó kó wọn lọ, torí ta ni yóò máa nù wọ́n? Àfi ìgbà tó nawọ́ sí ọ̀kan tí bàbá bàbá rẹ rọ kí ogun tó dé, ẹlẹ́nu méjì, tí ẹnu kan gun orí èkejì. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ìyá, gbogbo ẹ̀ ni mo wá fún o." Mo fi ẹnu ọ̀nà hàn án.

O mọ ìdí ọ̀rọ̀. Bortolo ọ̀rẹ́ rẹ ló gbẹ́ igi ìdí tuntun sí ìbọn yẹn, tó bá ara rẹ mu, bí èjìká rẹ ti rí, bí ọrùn rẹ ti gùn tó. Ìbọn náà kò gbọ́ ti ẹlòmíì. Lọ́jọ́ Sunday ní pápá, tí wọ́n bá ń ju àwo amọ̀ sókè fún yín láti yìnbọn fún, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á gbà á lọ́wọ́ rẹ, wọn á máa tàsé, ìwọ á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ gbé e fún mi jàre. Ìbọn mi mọ olúwa rẹ̀." Ilde pàápàá ò gbé e rí. O ní kó gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ná.

Níbi tí o máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì, òógùn rẹ ti sọ igi náà di dúdú. Ibẹ̀ ni mo máa ń fọwọ́ pa láti ọjọ́ tí o ti lọ. Aṣọ rẹ ò ní òórùn rẹ mọ́. Ohùn rẹ ti ń sá lọ létí mi. Ibi dúdú yẹn nìkan ló kù tí mo mọ̀ dájú pé ara ọkọ mi ti kàn.

Lóṣù tó kọjá, ibi tí a ti ń ṣẹ́ ìbọn náà láti ki ọta sí i bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo gbé e fún Bortolo pé kó bá mi tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Àmọ́ ó ní òun ò lè dá ìbọn Faustino padà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìrántí rẹ̀ ń bọ̀. Ó fi sáńpépà ha igi náà, ó fi òróró pa á léraléra, ó gbé e wá tó ń dán. Ó ní, "Ornella, wò ó. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e fún un gan-an nìyí." Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, omi wà lójú rẹ̀. Mo ní ó ṣeun, mo bu wáìnì fún un. Nígbà tó lọ tán, mo wá ibi dúdú náà tì. Mo di opó lẹ́ẹ̀kejì, Faustino!

Ẹkún mi ló pe Ilde wọlé. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ nu ojú yín. A ó gbé e lọ sí pápá lọ́jọ́ ìrántí Dádì." Mo ní ìbọn náà kò ní í gbọ́ tirẹ̀, pé yóò máa tàsé ni. Ó ní, "Ká tàsé náà ni. Ṣé ẹnì kan máa pa wá ni?"

Àárọ̀ òní la lọ. Bortolo náà wá. Ilde gbé ìbọn náà sí èjìká. Kò na ọrùn, kò wá ibi tí yóò fojú sí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ jókòó sórí igi yẹn bíi pé ibẹ̀ ló ti ń sùn. Wọ́n ju àwo, ó di eruku. Wọ́n ju òmíràn, òun náà di eruku. Bortolo ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní, "Ọrùn Faustino rèé. Mi ò mọ̀ pé ọmọbìnrin yìí náà ni mò ń gbẹ́ igi fún."

Mo gba ìbọn náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ, mo fọwọ́ pa ibẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, òógùn wà níbẹ̀. Mi ò nù ún. Mo sọ fún Bortolo pé lọ́jọ́ tó bá tún fi sáńpépà kàn án, èmi pẹ̀lú ẹ̀ ni. Bó pẹ́ bó yá, yóò tún dúdú.

Sùn re, olówó orí mi. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ síbẹ̀, àárò rẹ ò sì dín lára mi rárá. Ìbọn rẹ ti rí olúwa mìíràn. Èmi ò ní òmíràn.