Iṣẹ́ Àmúrelé tí N Kò Fi Ránṣẹ́

Ọkọ mi,

Mi ò fẹ́ jí ẹ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ka èyí tán kí o tó wọ yàrá Màmá rẹ.

O mọ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ará ìlú tí mò ń kà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ká bi àgbàlagbà kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ká sì panu mọ́, ká gbọ́. Láàárọ̀ yìí mo bi Màmá pé kí ló dé tí wọn kì í bá wa jẹun ní pálọ̀ mọ́. Ṣebí mo ti gbà pé èmi ni wọ́n ń bínú sí.

Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, n ò ríran mọ́. Ńṣe ni mò ń ka ìṣísẹ̀ mi dé balùwẹ̀."

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń fajúro sí wọn. Wọn ò tiẹ̀ rí i.

Mo tọrọ àṣẹ kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Màmá ní, "Sọ fún ọmọ mi. Má sọ fún tíṣà rẹ." Torí náà, mi ò fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Òdo ni wọ́n máa fún mi. Má bá mi wí.

Pe dókítà ojú lónìí. Má gbé àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò níbi tó wà, òun ni wọ́n fi ń mọ̀nà. Má sì jágbe mọ́ wọn pé wọn ò tètè sọ. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé a ó kó wọn lọ sílé ìtọ́jú arúgbó.

Àràárọ̀ lo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, fóònù létí, tí wàá juwọ́ sí wọn, tí wàá sì lọ. Wọ́n ní kí n bi ẹ́: kí ni àwọn ṣe tí o kì í kí àwọn mọ́?