Àmù Ìyá Mi Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Láti Kétu níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Bàbá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wọn ńkọ́? Òjò ti sọ ọ̀nà Mile 12 di ẹrọ̀fọ̀, àárò yín sì ń sọ mí, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn débi pé n kò ráyè ráhùn.

Ẹ rántí Àǹtí Bísí tí mo ń bá kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà n'Íkòsí. Wọ́n ra ògbólógbòó kọ̀ǹpútà mẹ́fà, mo sì fi Linux sí gbogbo wọn, ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú kí arúgbó ẹ̀rọ tún máa ta kébékébé. Ó wá ku àwọn irinṣẹ́ tí àwọn ọmọ máa lò, tí à ń fà wálé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ̀rọ kejì ṣe parí tirẹ̀ ni dátà tán. Àǹtí ní kò sí òmíràn, pé ìwọ̀nba ọmọ tí ẹ̀rọ méjì bá gbà ni kí n mú, kí n dá ìyókù padà sílé. Ó dùn mí dénú egungun.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí àmù yín. Ẹ kì í jẹ́ kí gbogbo wa lọ sódò. Ẹnìkan á pọnmi kún un, a ó jọ máa bù ú. Kí ló wá dé tí gbogbo ẹ̀rọ fi ń sáré lọ sódò kan náà? Mo kó irinṣẹ́ tí ẹ̀rọ kìíní ti fà jọ sójú kan nínú rẹ̀, mo fi wáyà so àwọn yòókù mọ́ ọn, mo ní kí wọ́n máa bù ú níbẹ̀. Ìyá mi, wọ́n ń bù ú! Wàràwàrà, láìsí dátà rárá! Mo jó yí yàrá ká.

Lójijì, gbogbo wọn dúró. Mo tú wáyà, mo tún un so, pàbó. Àṣé Àǹtí ni. Wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ tí kò sẹ́ni nídìí rẹ̀ máa jẹ epo jẹnẹrétọ̀ lásán. Wọ́n rí ẹ̀rọ àmù lóun nìkan, wọ́n pa á. Nígbà tí mo ṣàlàyé, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

Mo wá ta ìró àdìrẹ tí ẹ fún mi sójú ẹ̀rọ àmù náà, bí ẹ ṣe ń bo àmù kí ọmọdé má fọwọ́ kàn án. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ọmọ méjì méjì jókòó sídìí ẹ̀rọ márùn-ún yòókù. A kò dá ẹnì kankan padà. Àǹtí fúnra wọn ló ń kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa ẹ̀rọ tó ró aṣọ. Ọmọbìnrin kan bèèrè ẹni tó ni aṣọ náà. Mo ní ìyá mi ni, àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, àmù yín kò ní gbẹ láéláé. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀ní