Ìwé Ìdílé Tí A Kọ Lẹ́ẹ̀mejì

Òkè-Ọdán, Èkìtì,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002.

Oyèbọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Agége? Ṣé òórùn búrẹ́dì ṣì ń jí yín ní ìdájí, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà ń ṣe dáadáa, àti onílé rẹ, Ìyá Suara, tó bá mi gbé omi kaná nígbà tí mo wá? Ara tiwa le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àfi orúnkún mi tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí òjò fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ọlọ́run tó mú ọ dé ìdí iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn kò ní jẹ́ kí ojú rẹ bàjẹ́ sínú ẹ̀rọ tí ò ń wò láti àárọ̀ di alẹ́. Àmín.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, inú agolo bisikíìtì ni mo fi sí, mo sì ju káńfọ̀ sí i kí aáyán má baà jẹ ẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń gbé e jáde, màá gbé e sórí tábìlì láti ìgbà tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé títí di àkókò oúnjẹ alẹ́, bóyá o máa pè, o kò sì pè rí. Iná ojú rẹ̀ ti kú láti oṣù Keje, mo rò pé ó ń sinmi ni. Job, kọ́pùrù ológun tó ti fẹ̀yìn tì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ìlú, àfi kí n gun òkè. Mo gun òkè lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo dúró síbẹ̀ fún wákàtí méjì, n kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan, màlúù ni mo rí.

Fọ́tò náà ti dé, èyí tí o ní ẹ̀jẹ̀ Démiládé ọmọ Rachael ẹ̀gbọ́n rẹ ni, tí ẹ fi ẹ̀rọ sọ di ńlá. Mo ti fi gíláàsì sí i, mo sì gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wa. Ìyá rẹ ní kò jọ Démiládé, mo ní kí ló mọ̀. Gbogbo àlejò tó bá wọlé ni mo ń fi hàn pé ọmọ-ọmọ mi rè é, láti inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti yà á. Ìyá ìjọ wò ó títí, ó ní ó ti sanra.

Ṣùgbọ́n ohun tí o kọ tẹ̀lé fọ́tò náà já mi láyà. O ní inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni àwọn ọmọ ogun wà, àwọn kan nínú wọn ló ń rọ ọta tí ara fi ń bá àìsàn jà, àti pé àwọn tó ń rọ ọta yẹn gan-an ni kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ Démiládé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i, ìdí nìyẹn tí àìsàn fi ń wọlé sí i lára bó ṣe wù ú. O wá ní ẹ ń wá bí ọmọ ogun ṣe máa wọ ara rẹ̀. Bọ́lá, kò tíì pé ọdún mẹ́rin tí a bọ́ lọ́wọ́ ìjọba ológun, àdúrà tí à ń gbà ni pé kí wọ́n má padà wá mọ́, ọmọ tèmi wá jókòó sí Ìkẹjà, ó ń ránṣẹ́ pè wọ́n. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Job lọ. Ó rò ó títí, ó ní ológun tó bá dúró sí bárékè rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹnubodè nìkan ló ń ṣọ́, kò ní wàhálà. Nígbà tó tún gbọ́ pé ara ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn mìíràn ni wọ́n ti ń gba ọta tó wà nínú oògùn tí ẹ fẹ́ fún ọmọ náà, ó ní kí n sọ fún un yín pé òun ṣe tán, pé tòun ti gba ìdálẹ́kọ̀ọ́. Ọkàn mi wá balẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó. O kọ̀wé pé àwọn òyìnbó tó máa fi oògùn náà ránṣẹ́ láti òkè òkun ní àwọn kò ní fi í ránṣẹ́ àyàfi tí àwọn bá rí i pé àìsàn inú ìdílé ni, kí n kọ gbogbo ọmọ tí a bí nínú ẹbí sílẹ̀, kí n ya àpótí fún ọkùnrin, kí n ya róbótó fún obìnrin, kí n sì fi yíǹkì kun inú ti ẹni tó bá kú ní kékeré. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin kọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá bàbá mi tó kọ́kọ́ dá oko sí ìlú yìí, òun àti ajá kan, mo dé orí àbúrò rẹ̀ tó pa ẹkùn, mo kọ ti èyí tó bá àwọn òyìnbó ṣe ojú irin, ìwé tí o fi ránṣẹ́ kò gbà á, mo já ìwé mẹ́fà nínú ìwé ọmọ iléèwé, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Níbi tí ẹ ti béèrè àìsàn, mo kọ pé kò sí, akọni ni wá. Níbi tí ẹ ti béèrè ẹbí ìyá, mo fa ìlà gbọọrọ kọjá níbẹ̀, mo gbà pé àwọn òyìnbó ló ṣèèṣì. Ta ló ń wá ìdílé ọmọ lọ sí ilé ìyá rẹ̀?

O dá a padà. O fi bírò pupa kọ ọ́ sókè pé o dúpẹ́ gan-an, pé ìtàn ẹkùn náà dùn, ṣùgbọ́n ìdílé ìyá rẹ ni ẹ ń fẹ́. Màá sọ òótọ́ fún ọ, inú bí mi. N kò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn, àfi iṣu díẹ̀ àti ẹ̀wà.

Ìyá rẹ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí nígbà tí mo ń ráhùn. Mo ní kí ló wà nílé tiwọn tí Ìkẹjà ń wá, ó gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó ní kí n mú bírò. Oyèbọ́lá, ó di ọdún méjìdínlógójì tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òun nìkan ni ìyá rẹ̀ mú lọ́wọ́ wọ ìlú yìí, mo sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kẹ́ ẹ bà jẹ́. N kò mọ̀ pé ó ní àbúrò ọkùnrin mẹ́rin, tí ó pọ̀n lẹ́yìn ara rẹ̀. Wọ́n sọ àkọ́kọ́ ní Olúṣẹ̀yẹ. Wọ́n sọ èkejì ní Dúrójayé. Wọ́n sọ ẹ̀kẹta ní Málọmọ́. Ẹ̀kẹrin ni Kòkúmọ́. Kò sí èyí tó pé ọdún méjì nínú wọn. Ó ní wọ́n máa ń rí dáadáa títí di bí oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà etí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún, ikọ́ á dé, ibà á dé, ọ̀kan kò ní í tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, bíi ti Démiládé gẹ́lẹ́, bíi ti Ayọ̀tọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a sin lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà tí Kòkúmọ́ kú, àwọn ará ilé ọkọ ìyá ìyá rẹ ní òun ló ń pa àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ, wọ́n sì kó ẹrù rẹ̀ síta. Òun àti ìyá rẹ fẹsẹ̀ rìn wá sí Òkè-Ọdán, ó sì kìlọ̀ fún un lójú ọ̀nà pé tó bá fẹ́ rí ọkọ fẹ́, kò gbọdọ̀ dárúkọ àwọn ọmọ yẹn lójú ẹnikẹ́ni. Kò dárúkọ wọn títí tí ẹ fi fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.

Mo kọ ọ́ tán, mo sunkún. Ti ìyá rẹ dùn mí, ṣùgbọ́n ti ara mi náà wà níbẹ̀, torí o rántí pé níbi ìsìnkú Ayọ̀tọ́lá, èmi ni mo sọ fún Olúgbénró ọkọ Rachael, lójú gbogbo ènìyàn, pé kó lọ wádìí ìyá rẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n ṣe fún ìyá ìyá rẹ ni èmi náà lọ ṣe fún obìnrin ẹlẹ́ran ara bíi tèmi. Mo ti lọ bá ìyá Olúgbénró lábúlé wọn lọ́jọ́ Ajé. Mo gbé iṣu dání, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀ kó tó ní kí n dìde, ó sì tọ́ sí mi.

Ìyá rẹ wá bi mí bóyá òun ló kó o ran àwọn ọmọ Rachael. Mo ka lẹ́tà rẹ fún un, níbi tí o ti sọ pé obìnrin lè gbé e sára láìmọ̀ kí ó má sì ṣe é ní nǹkan kan, pé kì í ṣe ìwà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ó ní kí n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kà á. Lẹ́yìn náà ló rọra béèrè pé ṣé ìyá òun náà wà lára àwọn obìnrin tí ò ń sọ. Mo ní òun gan-an ni.

Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpòòwé yìí. Mo fẹ́ kun inú àpótí àwọn mẹ́rin náà bí o ṣe wí, ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú, ó ní wọ́n ti pẹ́ nínú òkùnkùn tó, kí n kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Bá mi bẹ àwọn òyìnbó, orúkọ ni wọ́n máa bá níbi tí yíǹkì yẹ kó wà. Inú mi dùn bí o ṣe ní etí Démiládé ti gbẹ láti ìgbà tí ẹ ti ń fún un lóògùn tó ń lò kí èyí tòkè òkun tó dé, pé ó gbé ẹsẹ̀ márùn-ún nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ní Agége. Ìyá rẹ ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò, ó ti di ẹsẹ̀ mẹ́wàá báyìí.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí ìyá rẹ wá kí ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Fi owó ọkọ̀ tèmi kún un, ẹ ó gba tèmi náà, mo mọ̀ pé kò ní wúlò fún yín ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí òun nìkan na apá. Tó bá ṣẹ́kù, kí n fi ra bàtà, èyí tí mo wọ̀ lọ sórí òkè ti la ẹnu.

Ó ku ohun kan tí ìyá rẹ ń fẹ́. Ó fẹ́ kí ẹ kọ ìwé kan fún òun, kì í ṣe ìwé gígùn, pé ẹ ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní Ìkẹjà pẹ̀lú ẹ̀rọ, ìyá òun kò pa ọmọ rẹ̀ jẹ. Kí ọ̀gá yín fọwọ́ sí i, kí ẹ lu òǹtẹ̀ lé e, òǹtẹ̀ ńlá tí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè rí. A óò mú un lọ sí ilé tí wọ́n ti lé e, èmi ni màá kà á sí wọn létí.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já sí òfo. Ọmọ tí ò ń tìtorí rẹ̀ ṣe àìsùn yóò dàgbà, yóò di bàbá lójú rẹ, ìwọ náà yóò sì gbé tìrẹ jó láìní ọkàn méjì. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Johnson Olúwaníyì.

Ìyá rẹ, Ọládùnní, ní kí n fi kún un pé Oyinadé ni orúkọ ìyá òun. Kí ẹ rí i pé ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ní kíkún.