Ìyálé Onírin

Ọjọ́ Ajé, 1 Sẹ́tẹ́ńbà 2025
Bùkúnmi, físíò tó ń tọ́jú orúnkún mi, gbé ẹ̀rọ kan wá sílé wa ní Mpape. Irin, bẹ́líìtì, ọwọ́ kan tí mo máa fà. Màá jókòó, màá de ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ọn, màá máa fà títí orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún á fi ká. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Dígírì márùndínláàádọ́rin ló ń ká báyìí. Kí n tó lè kúnlẹ̀, ó ní àfi kó tó àádọ́fà.
Mo sọ ẹ̀rọ náà ní Ìyálé. Òun ló ń pàṣẹ, èmi ń tẹ̀ lé e.

Ìṣẹ́gun, 2
Mo sunkún.

Jímọ̀, 5
Hafeez ọkọ mi ní Màmá òun ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, Sátidé ogúnjọ́. Mo bi í bóyá ó ti sọ fún wọn pé mi ò lè kúnlẹ̀. Ó ní òun sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí díẹ̀. Díẹ̀ kẹ̀. Ọ̀kadà gbé mi ṣubú, wọ́n la orúnkún, wọ́n tún un rán — díẹ̀.
Màmá yìí kan náà. Ìyàwó àbúrò Hafeez dúró kí wọn lẹ́ẹ̀kan péré, ọdún kan gbáko ni wọn ò fi dá a lóhùn.
Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́rú, 10
Méjìdínlọ́gọ́rin. Nafisah, ọmọ mi, ló ń fi tẹ̀sùbáà ka àkókò fún mi: ọgọ́rùn-ún, kí n tó tú ẹsẹ̀. Mo rí i pé ó ń fo ìlẹ̀kẹ̀. Àánú mi ló ń ṣe é. Mo ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Àlàmísì, 11
Àwọn tó ń wa òkúta fi ẹ̀tù fọ́ òkè, gbogbo ilé mì. Mi ò fà á lónìí. Ó ti rẹ̀ mí.

Mọ́ńdè, 15
Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Bùkúnmi ní mo gbìyànjú. Ṣé ìgbìyànjú ni Màmá máa wò? Ó ku ọjọ́ márùn-ún. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹfà.

Jímọ̀, 19
Orúnkún wú. Ó tún padà sí méjìlélọ́gọ́rin. Bùkúnmi bínú, ó ní, "Àǹtí, mo sọ fún yín, ẹ̀ẹ̀mẹta." Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi.

Sátidé, 20
Màmá dé lọ́sàn-án. Mo di ògiri mú, mo fẹ́ kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀. Ìdúró ni mo wà tí mo fi tẹrí ba. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo Ìyálé.
Àkókò tó. Mo jókòó sí i tìtìjú-tìtìjú. Bẹ́líìtì bọ́ nísàlẹ̀, ọwọ́ mi ò tó o. Kí n tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, Màmá ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi, wọ́n ń dè é. Ìyá ọkọ mi. Níwájú èmi. Omi bọ́ lójú mi.
Wọ́n dè é tán, wọn ò dìde. Mo rò pé inú ló ń bí wọn. Wọ́n ní, "Nafisah, pe bàbá ẹ wá. Mi ò lè dìde."
Nígbà tí Hafeez gbé wọn sórí àga tán tó jáde, wọ́n sọ fún mi jẹ́jẹ́: ọdún kẹta rèé tí orúnkún tiwọn náà ti kọṣẹ́. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun. Wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn.

Sọ́ńdè, 21
Àwa méjèèjì jọ kírun àsùbá, àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Màmá ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.