Dókítà Tí Kò Ní Abẹ́rẹ́

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ògọ́ọ̀sì, 1976.

Mobọ́lá, Àdùkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òjò Sùúrùlérè kò wọlé mọ́ ọ? Ara wa le nílé, iṣu tuntun ti jáde, bẹ́ẹ̀ ni ire tuntun yóò máa jáde fún ọ, àṣẹ.

Kí n sọ òótọ́ fún ọ. Nígbà tí o mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Yábàá nítorí pé n kò jẹun mọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, tí mo sì ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀ láràárọ̀, mo rò pé abẹ́rẹ́ ni n ó gbà. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní kí n kọ ẹ̀sùn mi, mo sì fi bàbá onílé rẹ sùn pé omi ẹ̀rọ rẹ̀ kì í yọ. Wọn kò tíì dá ẹjọ́ náà. Dókítà Gertrude kò fún mi lóògùn kankan, ìbéèrè ló ń bi mí tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní ọmọ yìí ń ṣe ìdánwò ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo wá sọ gbogbo bí ìyá rẹ ṣe ń rìn àti bó ṣe ń pè mí, kó lè yege. Ibi tí mo ti ń ràn án lọ́wọ́ ni ẹkún ti gbé mi, mo sun ún bí ọmọdé, kò sì ní kí n dákẹ́. Lọ́jọ́ náà mo jẹ ẹ̀bà rẹ tán.

Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá mo ṣí àpótí ìyá rẹ, tí n kò fọwọ́ kàn fún oṣù mẹ́jọ. Ṣé o rántí fìlà abetíajá mi tó sọnù, tí ìyá rẹ ní ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́? Ó wà nísàlẹ̀ àpótí, ó ká a sínú ìró. Ó máa ń sọ pé ó ń mú mi jọ ajá tí ebi ń pa. Mo rẹ́rìn-ín títí Ọ̀ṣẹ́nì aládùúgbò wa fi sáré wọlé. Ibẹ̀ ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ tó kú, mo sì ń bi í léèrè bíi dókítà. Ó kọ́kọ́ ní ṣé mo ti di ọlọ́pàá ni, ṣùgbọ́n kò dìde títí oòrùn fi wọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Lọ́jọ́ tí mo lọ kẹ́yìn, dókítà bi mí pé, "Bàbá, ta ló ń tọ́jú ẹni tó mú yín wá?" Ìwọ lo ra pósí, ìwọ lo se oúnjẹ àlejò, n kò sì rí ẹkún lójú rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá tìrẹ náà mà ni.

Nítorí náà, owó tí mo máa ń tọrọ, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Mú un lọ bá Gertrude, kó bi ìwọ náà léèrè. Bó bá ṣẹ́ kù, fi ra sáàdíìnì fún mi, agolo mẹ́ta, nítorí Ọ̀ṣẹ́nì ti mọ ọ̀nà ilé wa.

Ọlọ́run yóò nu omijé rẹ nù. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sunkún ná, kí Ó lè rí nǹkan nù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọláníyì.