Ilé Ọlá Tí Gìtá Mi Pè Ní Ilé Olè

Èmi, Adéòjó Akínsànyà Odùbánjọ, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, onígìtá, tí ń gbé ní Lasunwon ní ìlú Ìkòròdú, ni mo ní kí a kọ ìwé yìí. Ọpọlọ mi pé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá mi jà, kì í ṣe orí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ lẹ́yìn ikú mi pé mo ti ń ṣarán kí n tó buwọ́ lùwé, kí ẹ bi í pé ta ló rán an.

Mo fi Dùnsìn, ọmọ mi kan ṣoṣo, àti Dámiláre, lọ́yà tí ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ti ń sọ ọ́, ṣe alámòójútó ogún mi. Mo ti kìlọ̀ fún Dámiláre pé kí ó má yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò nítorí pé ó korò. Pípín ilé àti ẹran kò le. Orúkọ mi tí wọ́n bà jẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ ni mo tìtorí rẹ̀ pe lọ́yà.

ÌKÍNÍ. Ilé mi ní Lasunwon, Dùnsìn ló ni ín, àfi yàrá méjì ẹ̀yìnkùlé tí àbúrò mi Mojúbàolú ń gbé. Ọ̀rọ̀ ti yàrá méjì yẹn ń bọ̀ ní ìkẹrin. Dùnsìn, bí òrùlé pálọ̀ bá ń jò, páànù tó wà lókè fèrèsé ni. Má ṣe jẹ́ kí káfíńtà tàn ọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́.

ÌKEJÌ. Ewúrẹ́ mi méjì àti òbúkọ kan di ti Mùnírátù, aládùúgbò mi, tí ó ń gbé oúnjẹ wá fún mi ní gbogbo ìgbà tí ẹni tí ń gbé ẹ̀yìnkùlé mi kò bìkítà bóyá mo jí tàbí n kò jí. Òbúkọ náà a máa kan ènìyàn. Kí ó má so ó mọ́ ìdí igi ìbẹ́pẹ.

ÌKẸTA. Gìtá Hawáyà mi, èyí tí a ń tẹ́ síwájú bíi tábìlì, tí ó ní pẹ́dà lábẹ́ àti irin tí a ń fi orúnkún tì, mo fi í fún Iṣẹ́olúwa tí ń lù ú ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èbúté. Kì í ṣe ẹbí mi. Mo ti rí ohun tí ẹbí ń ṣe sí gìtá. Sukudiráfà mẹ́ta, púláyà kan àti ìgò òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ń tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́olúwa, bí okùn kan bá yẹ̀ lóhùn, má tètè dá ọwọ́ rẹ lẹ́bi. Kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn, nítorí okùn tó ti gbó kì í dúró sójú kan. Bí ó bá tún yẹ̀, wo irin róbótó tí okùn gùn lé, bóyá ó ń yí tàbí ó ti dípẹtà. Wo ẹsẹ̀ gìtá pẹ̀lú, kí ó má jẹ́ pé ilẹ̀ ni kò tẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí okùn bá relẹ̀ nígbà tí o fi orúnkún ti irin, tí kò sì padà sókè nígbà tí o yọ orúnkún, sípíríǹgì ló ti rẹ̀, tàbí kí nǹkan ti dí ìka irin tí ó di okùn mú. Fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ kí o tó kán òróró sí i. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni o. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àdín wá, lé e jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2001, Alhaji Múdàṣírù, ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́, pe ẹgbẹ́ olórin Mojúbàolú sí ìṣílé rẹ̀. Èmi ni mò ń lu Hawáyà fún wọn. Rọ̀kíbátù, àbúrò Alhaji, tí ọkọ rẹ̀ ti kú bí ìyàwó tèmi náà ti kú, ti gbà láti fẹ́ mi, ọjọ́ yẹn gan-an ni ó sì fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Dámiláre ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò sí nínú òfin. Kí ó kọ ọ́.

A wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú ní ìdájí. Ọyẹ́ mú, mo sì gbé gìtá síwájú ọkọ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lù ú. Nígbà tí a dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi gìtá kí onílé. Gìtá kò ní ẹnu. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀, etí olùgbọ́ ni yóò fi ọ̀rọ̀ sí i. Mo ní kí ó sọ pé, “Ilé ayọ̀, ilé ọlá.” Okùn kẹta ni mo fi ń parí méjèèjì: mo fi orúnkún tì í sísàlẹ̀ fún ayọ̀, mo yọ orúnkún kí ó lè gòkè fún ọlá. Kò gòkè. Ohun tí gbogbo èrò gbọ́ ni, “Ilé ayọ̀, ilé olè.”

Ẹjọ́ ilẹ̀ tí ilé náà wà lórí rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù nígbà náà, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni a máa ń fi gìtá kí ènìyàn. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ṣì í, mo tún un lù. Ilé olè. Mo tún un lù. Ilé olè. Àwọn géńdé kan lẹ́yìn ti ń gbè é lórin. Alhaji dìde lórí àga.

Mojúbàolú gba gbohùngbohùn, ó ní, “Alhaji, ẹ forí jì wá. Ẹ̀gbọ́n mi ti mutí. Láti òní lọ, kò sí nínú ẹgbẹ́ mi mọ́.” N kì í mutí. Ọmọ ìyá mi ni, ó mọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta mo tú gìtá. Okùn tuntun kò yanjú rẹ̀. Ẹsẹ̀ dúró dáadáa. Mo wá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, òórùn àdín sì gbalẹ̀. Ó ti dì gbagidi láàrin àwọn ìka irin. Ìyá ọlọ́mọ wo ni kò mọ̀ pé àdín ń dì lásìkò ọyẹ́, tí a ní láti gbé e sí oòrùn kí ó tó ṣe é fi pa ọmọ lára? Mo bi Mojúbàolú. Ó ní gìtá ń han lọ́jọ́ tí ó ṣáájú, òun sì fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo ní kí ó lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nítorí Alhaji ti tún pe ẹgbẹ́ òun sí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. N kò bá a jà nítorí àdín. Àṣìṣe ni àdín. Ọtí tí n kò mu ni mò ń bá a jà lé lórí.

ÌKẸRIN. Yàrá méjì náà di ti Mojúbàolú bí ó bá lọ sí Ẹ̀pẹ́ láàrin ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ikú mi, tí ó dúró níwájú Rọ̀kíbátù, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló da àdín sínú gìtá, àti pé irọ́ ni ọtí. Kì í ṣe lórí fóònù. Kí Dámiláre bá a lọ, kí ó gbọ́ ọ. Bí ó bá kọ̀, kí Dùnsìn kó ẹrù rẹ̀ síta jẹ́jẹ́, kí ó má ba nǹkan jẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó jọ pé òtítọ́ tèmi kò rí ọkọ̀ wọ̀.

Mojúbàolú kò gbọdọ̀ kọrin níbi òkú mi. Mo mọ̀ pé yóò fẹ́ kọ ọ́, yóò sì sunkún sí i.

ÌKARÙN-ÚN. Èyí ni ti Rọ̀kíbátù. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn ìṣílé náà, ó wá sí Lasunwon fúnra rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, pé ṣé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo ti mọ̀ nípa àdín nígbà náà. Gìtá náà wà ní pálọ̀, mo lè fi hàn án. Ṣùgbọ́n inú bí mi pé òun náà lè béèrè. Mo sọ fún un pé bí ó bá mọ̀ mí ni, kò ní béèrè. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ pé ó dúró díẹ̀ kí ó tó lọ. Kí ọdún 2002 tó parí, ó ti fẹ́ ẹlòmíràn.

Ọdún márùn-ún ni mo ti fi bínú sí àbúrò mi pé ó kọ̀ láti sọ ohun tí èmi náà kọ̀ láti sọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tún ń bínú.

Kí Dùnsìn mú ìwé yìí lọ bá Rọ̀kíbátù, kí ó ka ibi yìí sí i létí. Rárá, Rọ̀kíbátù. N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Mo buwọ́ lù ú ní Ìkòròdú, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2006, lójú àwọn méjì tí wọn kò ní ìpín kankan nínú rẹ̀.

A. A. Odùbánjọ

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Ṣẹ̀rífátù Balógun, aránṣọ, Lasunwon
Ùsámà Ọ̀ṣọ́dì, tíṣà, Ìkòròdú